Akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́nà: kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ibo ni wọ́n sì ti ń rí irú wọn?

Lékè Adámásingbà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìjà ni mo gbé wá, ẹ bá mi parí ẹ̀.

Níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa lánàá, Arsenal gba kọ́nà. Kí Saka tó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ọkùnrin kan dìde lórí bẹ́ńṣì, ó bọ́ sí etí pápá, ó ń nawọ́ síbí, ó ń nawọ́ sọ́hùn-ún. Arteta ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ yẹ̀ fún un. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí ní ta nìyẹn, mo ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́nà ni. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó oṣù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láti igun pápá lọ? Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun náà á lọ kọ̀wé béèrè iṣẹ́: òun á máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù láàárín. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí iná fi lọ.

Ìbéèrè mi rèé. Kí ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń ṣe láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì? Ṣé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rí? Ìwé wo ni wọ́n kà?

Àyìndé Peckham

Nicolas Jover lẹ rí yẹn. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó rọra.

Oṣù Kejìlá 2024, Arsenal fi kọ́nà méjì na Manchester United, Timber kan, Saliba kan, 2–0. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n ya àwòrán Jover gàdàgbà sára ògiri nítòsí pápá Emirates. Mo lọ wò ó pẹ̀lú ojú ara mi. Henry ní ère níta pápá yẹn, Bergkamp ní, Tony Adams ní. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n kùn sára ògiri ní ìdúró wọn: ẹni tó ń kọ́ni ní kọ́nà!

Ní ti pé ṣé ó gbá bọ́ọ̀lù rí, kì í ṣe níbi tí èmi àti ìwọ ti lè gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Berlin, ilẹ̀ Faransé ló ti dàgbà, ó kàwé ní Kánádà. Montpellier ló ti bẹ̀rẹ̀, fídíò ló ń wò fún wọn, tó ń gé, tó ń tò. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba líìgì Faransé ní 2012, ọdún tí gbogbo ayé ti fi ife fún PSG lọ́kàn. Ó tún bá Croatia ṣiṣẹ́. Ní 2016 ó lọ Brentford, 2019 ó dé Manchester City, ibẹ̀ ni Arteta ti mọ̀ ọ́n, 2021 ó tẹ̀ lé e wá sí Arsenal.

Ní sáà 2023–24, kọ́nà 16 ni Arsenal sọ di góòlù nínú Premier League. West Brom ti Tony Pulis náà ti ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní 2016–17.

Bàbá Liberty

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n dá kọ́nà sílẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, Jack Charlton ti Leeds máa ń lọ dúró gbagidi síwájú aṣọ́lé, pẹ̀lú gíga rẹ̀ yẹn, aṣọ́lé kò ní rí ọ̀nà, kò ní rí ìmọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó gba owó oṣù lọ́tọ̀ nítorí ẹ̀.

Àyìndé dárúkọ Pulis. Ṣé ẹ rántí Stoke rẹ̀? Rory Delap, ẹni tó ti ju ọ̀kọ̀ nígbà tó wà nílé ìwé, á fi táwẹ́lì nu bọ́ọ̀lù gbẹ, á sáré díẹ̀, á jù ú láti ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ sí iwájú ilé bí ẹni gbá kọ́nà. Oṣù Kọkànlá 2008, Wenger kó Arsenal lọ síbẹ̀, wọ́n nà án 2–1. Góòlù Stoke méjèèjì, ọwọ́ Delap ló ti wá. Fuller gbá ọ̀kan. Ta ló gbá èkejì? Ṣèyí Olófínjànà, ọmọ wa. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́nà kankan níbẹ̀, Pulis àti táwẹ́lì ni.

Kí n má tíì dárúkọ àṣekágbá Òlíḿpíìkì 1996. Amuneke, ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, wọ́n gbé fíríkíìkì wọlé, Argentina sáré jáde lápapọ̀ pé àwọn fẹ́ mú wa ní òfúsáìdì, wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. 3–2. Góòlù oyè nìyẹn, bọ́ọ̀lù tí a gbé sílẹ̀ la fi jẹ ẹ́.

Ìyá Dúnní

Ẹ kú àtijọ́ o, Bàbá. Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Kí la tiẹ̀ ń pe nǹkan yìí lápapọ̀ ní Yorùbá, kọ́nà, fíríkíìkì àti irú wọn? Mo gbọ́ "òkú bọ́ọ̀lù" lẹ́nu asọ̀rọ̀ rédíò kan, ara mi bù máṣọ. Òkú wo ló ń pa aṣọ́lé lẹ́kún?

Lékè Adámásingbà

Ẹ jẹ́ ká pè é ní bọ́ọ̀lù àgbélẹ̀.

Ìyá Dúnní

Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù ńkọ́? Ṣé wọ́n gbé ìyẹn náà sílẹ̀?

Lékè Adámásingbà

Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Tísà Ìlọrin

Bọ́ọ̀lù àgbélẹ̀ dára, mo gbà á.

Ìṣirò ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan máa ń gba kọ́nà bíi márùn-ún nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ló wà nínú sáà Premier League, ó di kọ́nà bíi 190. Nínú nǹkan bí ọgbọ̀n kọ́nà, ẹyọ kan péré ló máa ń di góòlù. Èyí túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ tí kò ṣe wàhálà kankan á rí mẹ́fà, bóyá méje, bí ọdún ṣe ń yí po. Arsenal rí 16. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta sítíráíkà tó lè fi góòlù mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kún ti ẹgbẹ́ kan lọ́dún, kí ẹ wá fi wé owó oṣù ọkùnrin kan tó ń wo fídíò.

Lékè béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe láti Ajé dé Ẹtì. Ìwòran ló pọ̀ jù níbẹ̀. Á wo gbogbo kọ́nà tí ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ ti dojú kọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ta ló ń ṣọ́ òpó ìtòsí? Ṣé ibi ìdúró ni kálukú ń ṣọ́, àbí èèyàn? Ta nínú wọn ló máa ń wo bọ́ọ̀lù tí á gbàgbé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Aṣọ́lé wọn ńkọ́, ṣé ó máa ń jáde wá gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ni, àbí ó ń lẹ̀ mọ́ ìlà? Tó bá ti rí ojú ihò, á wá pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí àti ẹni tó máa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n máa fún un lórí pápá kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó dé. Nítorí náà, nǹkan tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí ni kó mọ èyí tó máa yọ kúrò. Ọgbọ́n ogún lè wà nínú ìwé rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù kò lè rántí ju méjì mẹ́ta lọ tí ariwo bá ti gba pápá.

Ẹ wo kọ́nà Arsenal dáadáa. Láti apá ọ̀tún, Saka ẹlẹ́sẹ̀ òsì ló ń gbá a. Láti òsì, Rice ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún ni. Bí wọ́n bá gbá a báyìí, bọ́ọ̀lù á máa tẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ aṣọ́lé, ẹnikẹ́ni tó bá fi irun kàn án lásán, ó lè wọlé. Ben White á lọ dúró ti aṣọ́lé bí ẹni tó ń bá a ṣàwàdà. Gabriel àti àwọn yòókù á kóra jọ sí òpó ọ̀nà jíjìn, á dà bíi pé wọn kò ní nǹkan ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣọ́ Gabriel á rí i pé ẹlòmíràn ti dí òun lọ́nà. Òfin tún ràn wọ́n lọ́wọ́: kò sí òfúsáìdì nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wá tààrà láti kọ́nà tàbí láti ọwọ́ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé. O lè dúró sórí ìlà góòlù kí o máa jẹ ẹ̀pà.

Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ náà ni ìdáàbòbò, ìyẹn la ò sì ń sọ. Ẹ rántí Abidjan, 11 oṣù Kejì 2024, àṣekágbá AFCON. Troost-Ekong fò sókè lẹ́yìn kọ́nà, ó kàn án wọlé, 1–0, gbogbo Ìlọrin hó. Ìṣẹ́jú 62, kọ́nà fún Côte d'Ivoire. Kessié dá dúró, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó fi orí kàn án wọlé. Haller wá fi èkejì pa wá. Kọ́nà kan gbé wa gun igi, kọ́nà kejì ló fà wá bọ́. Mo ti wo fídíò góòlù Kessié yẹn ju ìgbà ogún lọ, ìyàwó mi ní kí n lọ gba àdúrà.

Akọ́gun Mọ́kọ́lá

Tísà, ẹ kú iṣẹ́, mo gbọ́ ìṣirò yín. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni mo sanwó wá wò, kì í ṣe gídígbò. Wọ́n ń di aṣọ mú, wọ́n ń ti aṣọ́lé, wọ́n ń fi ìdí dí èèyàn lọ́nà, ẹ wá ní ọgbọ́n ni. Tí ọmọ mi bá ṣe é ládùúgbò, màá fà á létí.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni èyí tí Àyìndé sọ. Ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí ló ń kọ́ Saliba ní ìgbà tó yẹ kó fò? Ṣé wọ́n ń fi fídíò kọ́ni ní wíwẹ̀ lódò?

Àyìndé Peckham

Ẹ̀gbọ́n Akọ́gun, ẹ di ara yín mú, nítorí èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí máa bí yín nínú jù ú lọ.

Gianni Vio. Ará Ítálì ni. Iṣẹ́ báńkì ló ń ṣe! Ó ń ṣe báńkì lójúmọ́, ó ń fi àsìkò ìsinmi yàwòrán bọ́ọ̀lù àgbélẹ̀, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ọgbọ́n tó ní lápò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Walter Zenga, aṣọ́lé Ítálì àtijọ́ yẹn, ló gbé e lọ sí Catania ní 2008. Láti ibẹ̀ ó dé Fiorentina, ó dé Milan. Ó wà pẹ̀lú Mancini nígbà tí Ítálì gba Euro ní Wembley ní 2021. Ẹ rántí bí Ítálì ṣe dá a padà lálẹ́ yẹn? Kọ́nà ni, Bonucci ló tì í wọlé. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Conte ní Tottenham.

Thomas Grønnemark wá ńkọ́? Ará Denmark, eléré sísá ni tẹ́lẹ̀, ó tún wa ọkọ̀ orí yìnyín. Ní 2010 ló ju bọ́ọ̀lù dé mítà 51.33, èyí tó jìnnà jù lọ láyé nígbà yẹn. Klopp gbà á sí Liverpool ní 2018 kó máa kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù jíjù wọlé nìkan. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà lórí tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe fi Lékè ṣe ẹlẹ́yà lánàá. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń kọ́ wọn gan-an kọ́ ni kí wọ́n máa jù ú jìnnà bíi Delap. Ó kọ́ wọn bí ẹni tó fẹ́ gbà á ṣe máa sá kúrò lójú kan kí ẹlòmíràn wọlé síbẹ̀, kí bọ́ọ̀lù má baà sọnù. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, bọ́ọ̀lù jíjù wọlé lè tó ogójì. Ẹ ronú sí iye ìgbà tí ẹgbẹ́ yín ń sọ ọ́ nù lọ́fẹ̀ẹ́. Liverpool gba Champions League ní 2019, wọ́n gba líìgì ní 2020, ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀.

Akọ́gun Mọ́kọ́lá

Mo ti ń wá ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá àtijọ́ bíi Yashin àti Eusébio máa ti yọjú, ọkọ̀ orí yìnyín lo gbé wá bá mi.

Bọ́ọ̀lù jíjù ló fún Liverpool ní ife, àbí Salah? Àti Tottenham tí o dárúkọ yẹn, ta ló gba ife níbẹ̀? Conte àti oníbáńkì rẹ̀ lọ láìmú ṣíbí dání. Postecoglou dé, òun kò fẹ́ ariwo bọ́ọ̀lù àgbélẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024, Arsenal fi kọ́nà méjì já ilé rẹ̀, ó di 3–2. Ọjọ́ díẹ̀ sí i, Chelsea na án 2–0, bọ́ọ̀lù àgbélẹ̀ náà ni. Àwọn oníròyìn dojú kọ ọ́, ó ní ẹgbẹ́ tí òun ń kọ́ máa ṣàṣeyọrí lọ́jọ́ kan, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù àgbélẹ̀ ló máa fà á. Oṣù Karùn-ún 2025, ó gba Europa League. Ṣé kọ́nà ni Brennan Johnson gbá?

Àyìndé Peckham

Ipò wo ni wọ́n wà lórí tábìlì líìgì lọ́dún tí wọ́n gba ife yẹn? Ipò 17! Wọ́n sì lé e lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá Liberty

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má fi ìjà Arsenal àti Tottenham ba ìjíròrò jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Fọlákẹ́ Ealing

Ẹ kú ilé o. Mo ń kà láti ìrọ̀lẹ́, mo ń retí kí ẹnìkan sọ ọ́. Nígbà tí ẹ ò sọ ọ́, èmi ọmọ Brentford á sọ ọ́.

Ẹ ń wá ìwé tí wọ́n kà, ẹ ń wá bóyá wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn gbà kọjá! Vio wá sọ́dọ̀ wa ní 2015. Jover tẹ̀ lé e ní 2016. Jover lọ, Andreas Georgson ará Sweden wọlé, Arsenal gbé e lọ lẹ́yìn ọdún kan. Bernardo Cueva wá láti Mexico, ó lo ọdún mẹ́rin, Chelsea sanwó gbé e lọ ní 2024. Keith Andrews gba ipò rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2025, Thomas Frank lọ Tottenham, Brentford sì sọ Andrews di ọ̀gá àgbà. Ẹni tó ń kọ́ni ní kọ́nà di olórí gbogbo ilé láàárín ọdún kan.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni Matthew Benham, ẹni tó ni ẹgbẹ́ wa. Ìṣirò tẹ́tẹ́ ló fi là. Ẹni tó ń fi ìṣirò jẹun kì í fojú di ohun kékeré tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Nígbà tó ra Midtjylland ní Denmark ní 2014, ibẹ̀ ló ti dán an wò. Wọ́n gba líìgì ní 2015 fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, góòlù bọ́ọ̀lù àgbélẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Grønnemark bá wọn ṣiṣẹ́. Austin MacPhee, ará Scotland tó wà ní Aston Villa láti 2021, ó ti gba Midtjylland kọjá náà. Ilé kan ni gbogbo wọn.

Nítorí náà, tí ẹnìkan bá béèrè bí wọ́n ṣe ń di akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́nà, ìdáhùn mi ni pé ẹnìkan tó ní owó lọ́wọ́ gbà pé iṣẹ́ ni. Bí kò bá sí ìyẹn, Vio ṣì ń ka owó ní báńkì títí dòní.

Akọ́gun, ẹ fi ara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù àtijọ́. Andrews gbá bọ́ọ̀lù fún Ireland, ó lọ Euro 2012. Allan Russell, ẹni tó bá England ṣe é ní World Cup 2018, sítíráíkà ni tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn, góòlù mẹ́sàn-án nínú méjìlá tí England gbá, bọ́ọ̀lù àgbélẹ̀ ni, tí a bá ka pẹ́náítì mọ́ ọn. Wọ́n á tò síra lẹ́yìn ara wọn nínú àpótí bí ẹni ń dúró gba ọkọ̀, wọ́n á wá fọ́n ká. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ẹni tí kò gbá a wà níbẹ̀.

Lékè, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ tó fẹ́ máa kọ́ni ní bíbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù láàárín pé ó pẹ́ dé. Oṣù Kẹsàn-án 2024, abẹ́ Andrews yẹn, Brentford gbá góòlù wọlé kí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó pé, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì mẹ́ta tó tẹ̀ léra: City, Tottenham, West Ham. Wissa ọ̀kan, Mbeumo méjì.

Lékè Adámásingbà

HAAA. Mo ti rí nǹkan tí màá fi wọ ilé yẹn lọ́la!

Akọ́gun Mọ́kọ́lá

Aunty Fọlákẹ́, mélòó ni ẹ jáwé olúborí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Fọlákẹ́ Ealing

…Òdo. City nà wá, Tottenham nà wá, a bá West Ham ta ọ̀mì.

Akọ́gun Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun. Mo ti mu omi tútù báyìí.

Ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní owó tí ẹ sọ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan níbí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, n kò ní dárúkọ wọn. Gbogbo sáà tí mo fi wà níbẹ̀, a kò kọ́ kọ́nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń gbá a. Ọ̀gá wa á pariwo pé "ẹ wọlé, ẹ wọlé!", gbogbo wa á wọlé, ẹgbẹ́ kejì á gba bọ́ọ̀lù, wọ́n á sá lọ gbá a sí ilé wa. A jẹ irú góòlù bẹ́ẹ̀ tó mẹ́ta lọ́dún kan.

Tísà Ìlọrin

Akọ́gun, èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yìí, iṣẹ́ wọn náà ni. Tí ẹ bá wo Arsenal, ẹni méjì tàbí mẹ́ta máa ń dúró sẹ́yìn nígbà kọ́nà wọn. Ẹnìkan ti sọ fún wọn ibi tí wọ́n máa dúró, ẹni náà sì ti wo ẹni tí ẹgbẹ́ kejì fi sílẹ̀ níwájú.

Kò gba owó púpọ̀ níbí. Èmi ló ń bójú tó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé ìwé wa. A kò ní kámẹ́rà, a kò ní ẹ̀rọ. Mo kó ìdérí ìgò mínírà jọ, mọ́kànlá pupa, mọ́kànlá àwọ̀ ewé, mo tò wọ́n sórí bẹ́ńṣì, mo ní kí àwọn ọmọ máa sún wọn fúnra wọn. Ọmọ kan wà tí kì í sọ̀rọ̀, bẹ́ńṣì ló sábà ń jókòó sí. Òun ló ní, "Ẹ̀yin Sà, gbogbo wọn ń tẹ̀ lé ẹni tó ga jù. Ṣé ẹni tó ga jù kò lè sá lọ síbi tí bọ́ọ̀lù kò ní dé?" Mo wò ó títí. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń sanwó fún Jover lé lórí. A ṣe é nínú ìdíje àwọn ilé ìwé, ọmọ wa tó ga jù sáré lọ sí òpó ìtòsí, ẹni mẹ́ta tẹ̀ lé e, ọmọ kúkúrú kan tó wà lẹ́yìn fi itan tì í wọlé. Itan o, kì í ṣe orí. Mo ti sọ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn di olùrànlọ́wọ́ mi. Bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára rárá.

Ìyá Dúnní

Ẹ ṣe tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù? Rabat, 26 oṣù Keje 2025, àṣekágbá AFCON àwọn obìnrin. Morocco ti fi méjì sí òdo na Super Falcons nílé wọn. Okoronkwo gba pẹ́náítì wọlé, Fọláṣadé Ìjàmílúsì dá èkejì padà. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí 90 pé, fíríkíìkì, Okoronkwo gbé e wọlé, Echegini wà níbi tó yẹ kó wà, ó tì í wọlé. Ife kẹwàá. Ẹ bá mi ka bọ́ọ̀lù àgbélẹ̀ tó wà níbẹ̀: pẹ́náítì, fíríkíìkì. Méjì nínú mẹ́ta.

Àyìndé Peckham

Mọ́mì Dúnní, ẹ ti pa ẹjọ́ yìí tì. N kò ní nǹkan míì í sọ.

Fọlákẹ́ Ealing

Mo ní ọ̀kan. Bàbá Liberty, Delap yín ti padà wá, ó sì ti di ọmọ Yorùbá. Michael Káyọ̀dé, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wa, Ítálì ni wọ́n ti bí i, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Bí ó bá ti gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ pápá, gbogbo èrò pápá wa, Gtech, á dìde. Bọ́ọ̀lù náà kì í ga, ó máa ń lọ tààrà bí òkúta kànnàkànnà.

Wọ́n sì tún fi òfin kún un láti sáà 2025–26: tí aṣọ́lé bá di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ, kọ́nà ni. Kọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ wo bí iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí ṣe ń pọ̀ sí i.

Bàbá Liberty

Káyọ̀dé! Mo ti rí i, mo rò pé ará Ítálì ni. Ọlọ́run á máa bá wa fún un lágbára apá.

Mo gbà báyìí pé ó yẹ kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tirẹ̀. Pulis ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ láyé ìjọ́sí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá òde òní kò ráyè, wọ́n ní oníròyìn mẹ́wàá láti dá lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí n kò gbà ni àwòrán ara ògiri yẹn. Ẹ ya Gabriel. Òun ló ń fi orí gba ìgúnpá.

Lékè Adámásingbà

Ẹ ṣeun gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Nígbà tí mo dé ibi oníbáńkì, ó pa fóònù. Ó tún pè padà láti béèrè iye tí wọ́n ń san fún un.

Tísà, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Àwa ọmọ ilé ìwé wa àtijọ́ máa bá sẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú wa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lọ́dọọdún ni wọ́n ń nà wá. Mo ti gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ balógun ẹgbẹ́ wa kí n fi kọ́ wọn ní kọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán ìdérí ìgò yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ikùn gbogbo wa ti yọ, kò sẹ́ni tó lè fò.

Tísà Ìlọrin

Kò sí wàhálà, ó ń bọ̀ lọ́wọ́ alẹ́. Tí ẹ kò bá lè fò, ẹ gbá a kúkúrú, kó máa lọ nílẹ̀. Ta ló ga jù nínú yín?

Lékè Adámásingbà

Bọ́láńlé. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn ún.

Tísà Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kó máa sá lọ síbi tí bọ́ọ̀lù kò ní dé. Kò nílò orúnkún fún ìyẹn.

Bàbá Liberty

Ẹ má gbàgbé táwẹ́lì.